Ikán Inú Àjà Láìbìrì Wa

Ìró náà kò ju ti èékánná tó ń ha orí pákó lọ. Bí ariwo bá wà nínú ọgbà, èèyàn kò lè gbọ́ ọ rárá. Ṣùgbọ́n nínú láìbìrì ilé-ìwé wa, níbi tí a kò ti gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè, ó máa ń ti òkè orí wa wá, á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì àṣejáde. Eku ni mo pè é.

Láìbìrì náà dá dúró lẹ́yìn ọgbà, níbi tí oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí ayé àtijọ́ ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ: ògiri bíríkì, àjà pákó, òrùlé páànù tó ti pọ́n. Ẹni tí kò bá gbé irú ilé tí mo gbé kò lè mọ ohun tí yàrá kan ṣoṣo yẹn jẹ́ fún mi. Àgbẹ̀ ni bàbá àti ìyá mi ní Erinje, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni wọ́n ń ṣe. Bí mo bá ti wọlé báyìí, ẹ̀gẹ́ ń dúró dè mí láti bó, tàbí kí n lọ ṣa ẹyìn, tàbí kí n jókòó ti èéfín níbi tí ìyá mi ti ń yan púpurù tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn. Iṣẹ́ ló pọ̀. Kò sí ibì kan nílé tí n lè jókòó sí fún wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Ní láìbìrì, ẹnikẹ́ni kì í pè mí.

Èmi nìkan kọ́. Ọmọkùnrin kan wà tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé tó jìnnà ní àràárọ̀. Oorun ló máa ń wá sùn níbẹ̀ ní àkókò ìsinmi, obìnrin tó ń tọ́jú láìbìrì a sì gbé ìwé ńlá kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀ kí àwọn olùkọ́ tó ń kọjá lè rò pé ó ń kàwé. Àwọn ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù bá ń dà láàmú mọ̀ pé àga kan wà lẹ́yìn pẹpẹ ìwé tó kẹ́yìn, àti pé omi gbígbóná wà nínú fúláàsì obìnrin náà. Àwọn tó bá ara wọn jà lórí pápá a máa wá síbẹ̀ kí inú wọn lè rọ̀. Kódà àwọn tí kì í ka nǹkan kan mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lójú rẹ̀, "Mà" là ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Oníwèé. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Ní ọjọ́ Jímọ̀, sùtánà rẹ̀ máa ń wà nínú báàgì kan lábẹ́ tábìlì, torí láti ibi iṣẹ́ ló ti ń lọ sí ìsìn tààrà. Kì í pariwo mọ́ ọmọ. Bí o bá ya ewé ìwé, á fún ọ ní lẹ́ẹ̀ àti síṣọ́ọ̀sì, á jókòó tì ọ́ títí o fi tún un ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ Ìjù-Odò, tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ nítòsí ilé-ìwé. Láti ìgbà tí a ti wọ ilé-ìwé náà ni a ti jọ ń jókòó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó tún ń rò. Ìwé bàọ́lọ́jì ńlá kan wà ní láìbìrì, ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò gbọdọ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Àwa méjèèjì ló jogún ìwé yẹn. Á máa kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí mi létí, èmi á máa ya àwòrán inú rẹ̀ sínú ìwé tèmi: ọkàn, kíndìnrín, egungun ẹsẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni ìyẹ̀fun kan bẹ̀rẹ̀ sí í wà lórí tábìlì ní àràárọ̀, ó rí bí èyí tí ayùn ń dà sílẹ̀ bí wọ́n bá ń la pákó. Obìnrin náà á nù ún. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ti dé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ sí ìwé kan lórí pẹpẹ òkè, ó fà á, èèpo ìwé nìkan ló bá a wá. Inú rẹ̀ ti di amọ̀. Àwọn nǹkan funfun wínníwínní ń sá kiri ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pariwo, ó sì ju èèpo náà sílẹ̀.

Obìnrin náà kò bá a wí. Ó gun orí tábìlì, ó mú agboòrùn rẹ̀, ó sì fi ẹnu rẹ̀ gún igi tó gbé àjà dúró. Ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn fi fọ́ọ̀kì gún iṣu tó ti jinná. Ó fà á yọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ kó ìwé yín wá sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn," ó ní. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí àárín yàrá yìí."

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n bá òun gbé nǹkan lọ sí ọ́fíìsì púrínsípà. Igi ni, èyí tó já nínú àjà, tó fi bébà ìròyìn àtijọ́ wé. Púrínsípà àti igbákejì rẹ̀ jọ wà níbẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá," ó wí, "ikán ti jẹ igi òrùlé láìbìrì tán. Bí òjò oníjì bá ti dé, yóò wó. Àwọn ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́."

Ó tú bébà náà. Igi yẹn dà sílẹ̀ lórí tábìlì bí gààrí.

Púrínsípà fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a dànù. "Ilé tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi? Màdáámú, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba dé. Láìbìrì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá lọ ná, kí àwọn ọmọ parí ìdánwò. Lẹ́yìn náà, a ó pe káfíńtà."

Igbákejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin aláṣọ funfun! Ìran yín ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kì í ṣe ìran ni mo rí, sà," ó dá a lóhùn. "Ikán ni mo rí. Ojú tí Ọlọ́run dá mọ́ mi yìí ni mo fi rí i."

Kí oòrùn tó kanrí, gbogbo ọgbà ti gbọ́ pé Ìyá Oníwèé ríran pé láìbìrì máa wó. N kò mọ ẹni tó gbé e jáde. Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé irọ́ ni, pé mo wà níbẹ̀, pé mo rí igi náà bó ṣe dà. Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnì kan bá ju báàgì sílẹ̀ nínú kíláàsì, wọ́n á kígbe pé, "Ìran ti ṣẹ!" Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn aláyẹ̀wò tó dé, wọ́n kun àjà náà ní ọ̀dà funfun. Òórùn ọ̀dà náà ń ta wá lójú. Fún ọjọ́ méjì a kò gbọ́ ìró kankan, mo sì rò pé ọ̀dà ti pa wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ilà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gba orí ọ̀dà funfun náà kọjá, láti igun ògiri títí dé ibi tí gílóòbù so rọ̀ sí. Ọjọ́ náà ni àwọn aláyẹ̀wò dé. Wọ́n wo àwọn ìwé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n yin púrínsípà, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n lọ. Ẹnì kankan nínú wọn kò gbójú sókè.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a dé ẹnu ọ̀nà láìbìrì, àgádágodo ńlá ló wà lára ilẹ̀kùn. Obìnrin náà gbé àga síwájú rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan lórí ẹsẹ̀.

"Mà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

"N kò ní ṣí i."

"Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mà!"

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé, kó dárúkọ rẹ̀, èmi á wọlé lọ mú un fún un. Ẹ̀yin kò ní wọlé."

"Bàọ́lọ́jì ńkọ́?" ọ̀rẹ́ mi béèrè.

Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ìyẹn wà lórí pẹpẹ àárín, ọmọ mi. Ibi tó burú jù nìyẹn. Fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, màá wá ọ̀nà gbé e jáde."

Púrínsípà fún un ní ìwé kúẹ́rì lọ́jọ́ náà. A rí òjíṣẹ́ tó gbé e wá. Ó kà á, ó ká a, ó fi sínú ìwé tó ń kà láti fi sàmì, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilé-ìwé fi parí.

Gbogbo wa bínú sí i. Èmi ni mo bínú jù. Nílé, níbi tí a ti ń jẹun, mo sọ pé obìnrin yẹn kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ yege. Bàbá mi gbé òkèlè dúró. "Ṣé òótọ́ ni pé ikán wà níbẹ̀?" Mo ní ó wà. "Igi tí ikán bá ti wọ̀," ó ní, "àgbẹ̀ kì í sinmi sábẹ́ rẹ̀." Nínú ọkàn mi, mo ní, kí ni bàbá mọ̀ nípa ilé-ìwé?

Fèrèsé ẹ̀yìn kan wà tí ìkọ́ rẹ̀ ti kán. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń lọ sílé, mo fa ọ̀rẹ́ mi lọ síbẹ̀.

"Jẹ́ ká wọlé."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ikán?" Mo rẹ́rìn-ín.

Mo rántí ẹ̀rín yẹn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láyé mi lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, a wọlé, a kàwé fún bíi wákàtí kan, a jáde. Nǹkan kan kò ṣe wá. Ní Ọjọ́rú, a tún wọlé. Ìró náà ti le sí i. Ó ti dà bí ìgbà tí òjò wẹ́wẹ́ ń bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Nǹkan kan bọ́ sórí ìwé tí mo ń yàwòrán sí, mo fẹ́ ẹ dànù, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kò kàwé sókè mọ́. Ó kàn ń wo àjà.

"Ọ̀la nìkan ló kù," mo wí fún un. "Ká parí orí-ẹ̀kọ́ yìí. A kò ní wá mọ́."

Ọjọ́bọ̀ mú ooru wá láti àárọ̀. Ewé ọ̀pẹ kan kò mì. Nígbà tí a fi gba ojú fèrèsé wọlé, ojú ọ̀run lápá ibi tí odò wà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. A jókòó sí ẹ̀bá pẹpẹ àárín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n kun ọ̀dà, kò sí ìró kankan lókè orí wa. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló bà mí lẹ́rù. Mo fẹ́ sọ pé ká máa lọ, ojú ń tì mí.

Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dé. Ó gbá fèrèsé náà ṣí, ó tún gbá a dé. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn lóde.

"Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló wà nínú láìbìrì?"

Obìnrin náà ni. A wọ abẹ́ tábìlì lọ, àwa méjèèjì. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu ara mi, tó kó wa débẹ̀, ló yẹ kí n bò.

"Mo rí i pé fèrèsé ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Afẹ́fẹ́ ń le. "N kò ní fẹjọ́ yín sùn. Mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ má bínú sí mi, ẹ ṣáà jáde, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ohùn rẹ̀ kò dà bí ti ẹni tó ń bínú. Ó dà bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi dìde. Mo sáré lọ sí ojú fèrèsé, mo fò ó, mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo yíjú padà. Ọ̀rẹ́ mi ti dìde, ṣùgbọ́n ó tún yà sẹ́yìn. Ìwé bàọ́lọ́jì náà ló padà lọ mú.

"Fi í sílẹ̀!" obìnrin náà kígbe.

Igi kan ké lókè, ó pẹ́ kó tó dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àjà náà kò já lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ́kọ́ rọ̀ ní àárín bí aṣọ tó gba omi dúró, gbogbo ọ̀dà funfun náà sì ń ya. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà, n kò rí nǹkan kan mọ́ àfi eruku.

N kò mọ bí obìnrin yẹn ṣe gun fèrèsé náà pẹ̀lú aṣọ ìró tó wà nídìí rẹ̀. Mo kàn rí i tó wọ inú eruku lọ, páànù ṣì ń já bọ́, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí n sáré lọ pe àwọn tó ń fún epo lẹ́yìn ọgbà. Mo sáré. Mo kàn ń tọ́ka. Ọkùnrin mẹ́rin tẹ̀ lé mi, epo ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a fi padà dé, obìnrin náà ti fẹ̀yìn ti pẹpẹ ìwé tó wó, ó ń fi ara rẹ̀ gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Tábìlì ló gba òrùlé dúró. Bí kì í bá ṣe tábìlì yẹn, n kò mọ ohun tí à bá máa sọ.

Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi sórí pákó, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó epo gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán síbi méjì.

Ìyá rẹ̀ dé láti Ìjù-Odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Opó ni, ọmọ méjì péré ló ní. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó gbàdúrà, ó fi omi nu ojú ọmọ rẹ̀ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ta ló ní kí ẹ wọ ibẹ̀?"

Mo lè sọ pé àwa méjèèjì ni. Ọmọ rẹ̀ kì bá sọ pé irọ́ ni.

"Èmi ni, mà. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo fi í rẹ́rìn-ín."

Ó wò mí títí. Mo ń retí kó gbá mi létí, mo tilẹ̀ fẹ́ kó gbá mi. Ó gbé kẹ́ẹ̀tù tó wà nílẹ̀.

"Jókòó tì í," ó ní. "Mo fẹ́ lọ wá omi gbígbóná. Bó bá jí, má jẹ́ kó mira."

Mo jókòó tì í. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ jókòó tì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìgbìmọ̀ kan wá ṣèwádìí. Inú kíláàsì wa ni wọ́n jókòó sí. Igbákejì púrínsípà sọ fún wọn pé obìnrin náà ló ń tọ́jú láìbìrì, kí ló dé tí kò mọ̀ pé fèrèsé kò ní ìkọ́? Púrínsípà ní ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ ikán kan tó òun létí, àfi ìran kan báyìí tí wọ́n ń sọ kiri. Obìnrin náà jókòó pẹ̀lú báńdéèjì lọ́rùn ọwọ́.

Mo dìde. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo gba ojú fèrèsé wọlé lẹ́yìn tí ó ti ti ilẹ̀kùn pa. Mo sọ pé èmi ni mo gbé igi náà lọ sí ọ́fíìsì, pé lójú mi ló ṣe dà sórí tábìlì. Mo sọ ohun tí púrínsípà wí àti ohun tí igbákejì rẹ̀ wí. N kò wo ojú wọn. Ojú obìnrin náà ni mo ń wò, òun sì ń wo ilẹ̀.

Wọ́n lé mi kúrò nínú ọgbà títí di ọjọ́ ìdánwò. Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n gbé púrínsípà lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Wọ́n gbé obìnrin náà pẹ̀lú, lọ sí Akotogbo, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì dá. Kó tó lọ, ó kó àwọn ìwé tí òjò pa jáde sínú oòrùn lórí pápá, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré sì ń bá a ṣí ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń sá ẹ̀gẹ́. Mo dúró lóde ọgbà, mo ń wò wọ́n láti ojú ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi kò lè ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Ọdún kejì ló ṣe é, ó yege, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì; ó ní òun kò lè dúró fún wákàtí mẹ́wàá lórí ẹsẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe báyìí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. À ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò dá mi lẹ́bi rí. Bí òjò bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ náà a máa sọ fún un, á sì fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n ká aṣọ tí mo sá.

Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ láìbìrì tuntun ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́ ọ dé ìwọ̀n orúnkún, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mo gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù tó kọjá. Koríko ti kún inú rẹ̀. Ní àkókò ìsinmi, àwọn ọmọ jókòó lé orí bíríkì náà nínú oòrùn, fóònù lọ́wọ́ àwọn mìíràn, àwọn mìíràn kàn jókòó. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ ba, ó di inú rẹ̀ mú, kò sì sí ibi tó lè lọ. Mo bi í bóyá ó fẹ́ omi gbígbóná. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí, ó ní, "Rárá, mà. Ẹ ṣeun."